Òkun yóò ga tó báwo l'Ékòó? Àyẹ̀wò irinṣẹ́ NASA àti máàpù Climate Central

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Lẹ́kkí, ní Ajáh tàbí ní Àgbádárìgì lónìí, ìbéèrè méjì ló yẹ kó bi òkun kó tó dúnàá-dúrà pẹ̀lú onílẹ̀. Omi yóò ga tó báwo? Ibo ni omi náà yóò sì dé? Irinṣẹ́ méjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dáhùn wọn. Ti NASA, tí wọ́n ń pè ní Sea Level Projection Tool, gíga omi nìkan ló mọ̀. Ti ẹgbẹ́ olùwádìí Climate Central, ìyẹn Coastal Risk Screening Tool, ilẹ̀ tí omi lè bò ló ń fi hàn. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jà lórí bóyá Èkó yóò rì tàbí kò ní rì, ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ọ̀kan ni wọ́n gbé lọ fún ìbéèrè èkejì.

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: ti NASA gba mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún lọ́wọ́ wa, ti Climate Central gba mẹ́ta. Ẹni tó bá lò wọ́n pa pọ̀, tó sì mọ ohun tí wọn kò kà, yóò rí nǹkan gidi mú bọ̀. Ẹni tó bá gbára lé ọ̀kan ṣoṣo lè kówó sínú omi, ó sì lè sá fún ilẹ̀ tí nǹkan kan kò ní ṣe.

Ti NASA: nọ́ńbà ló ní, kò ní ilẹ̀

Orí ìṣirò IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́, ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìyẹn ìròyìn wọn kẹfà tó jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 2021. Bí ẹ bá ṣí i, máàpù ayé ni yóò kọ́kọ́ yọ, àmì róbótó kéékèèké á sì pọ̀ lójú òkun àti létí òkun. Èyí tó wà létí òkun gan-an ni ibi tí ẹ̀rọ tó ń wọn kíkún àti fífà omi wà, tàbí ibi tó ti wà rí. Èyí tó tò lẹ́sẹẹsẹ lójú òkun ni ibi tí wọ́n fi ìṣirò dí àlàfo. Ẹ tẹ ọ̀kan, gíráàfù yóò jáde láti ọdún 2020 títí dé 2150, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: Lagos méjì ló wà. Ìlú Lagos kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Potogí, àwọn Potogí ló sì fún Èkó ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Lagos tiwọn ní àkọsílẹ̀ ìwọ̀n omi òkun tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Kí ẹ tó ka nọ́ńbà kankan, ẹ wo látítúùdù. Ti Èkó tiwa jẹ́ nǹkan bíi 6.4 sí àríwá, lóńgítúùdù rẹ̀ sì jẹ́ 3.4 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá rí 37 níbẹ̀, Yúróòpù lẹ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó yan ọ̀nà èéfín, ìyẹn bí èéfín tó ń mú ayé gbóná yóò ṣe pọ̀ tó. Márùn-ún ni, orúkọ wọn rí bíi nọ́ńbà ọkọ̀: SSP1-1.9, SSP1-2.6, SSP2-4.5, SSP3-7.0 àti SSP5-8.5. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ṣe ń tóbi ni èéfín ń pọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, SSP2-4.5 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló sún mọ́ ibi tí ayé ń forí lé báyìí. Ìṣirò rẹ̀ kárí ayé fún ọdún 2100 jẹ́ mítà 0.56, láàárín 0.44 sí 0.76. Bí wọ́n bá dín èéfín kù gan-an, ìyẹn SSP1-2.6, ó di 0.44. Bí wọ́n bá jẹ́ kó máa rọ́ lọ, ìyẹn SSP5-8.5, ó di 0.77, òkè rẹ̀ sì jẹ́ 1.01. Nọ́ńbà etíkun tiwa kò jìnnà sí ìwọ̀nyí. Ẹ má sì ka 0.76 yẹn sí òrùlé o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá ṣẹ́ kèké lẹ́ẹ̀mẹfà, nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀kan ni omi lè kọjá ibẹ̀.

Òdo tí irinṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kíkà náà kì í ṣe òkun òní. Àárín ìwọ̀n ọdún 1995 sí 2014 ni. Òkun sì ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ga sí i láti àárín àkókò yẹn. Ẹni tó bá mú 0.56, tó lé e lórí omi tó ń rí lónìí, ti ka 7 náà lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ohun tó mú ká fún un ní máàkì tó pọ̀ ni pé ó ń tú òkun palẹ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Kì í kàn sọ pé omi yóò ga. Ó ń sọ ibi tí wọ́n ti bu omi náà wá. Omi òkun fúnra rẹ̀ ń wú bó ṣe ń gbóná. Ìyẹn wà lábẹ́ "Sterodynamic" pẹ̀lú ìṣàn inú òkun. Yìnyín orí òkè bíi Alps àti Himalaya wà lábẹ́ "Glaciers". Grínlándì dá dúró, Antárktìkà dá dúró, omi tí à ń fà lábẹ́ ilẹ̀ àti èyí tí ìsédò ń sé mọ́ dá dúró, rírì ilẹ̀ náà sì wà láyè tirẹ̀. Lábẹ́ SSP5-8.5, kárí ayé lọ́dún 2100, wíwú omi nìkan kó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, yìnyín orí òkè 18, Grínlándì 13, Antárktìkà 12. Ẹ wo ti Antárktìkà dáadáa. Àárín rẹ̀ ni 12 yẹn. Ó lè jẹ́ 3, ó sì lè jẹ́ 34. Kò sí ẹ̀yà mìíràn tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni yìnyín pọ̀ sí jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, òkun yóò fi nǹkan bíi mítà 58 ga. Ti Grínlándì jẹ́ mítà 7.4. Kò sẹ́ni tó sọ pé gbogbo rẹ̀ yóò yọ́ ní ọ̀rúndún yìí o, àmọ́ inú ìkòkò ńlá ni wọ́n ti ń bù ú.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé yìnyín tó ń léfòó lójú òkun kò sí nínú àwọn ẹ̀yà yẹn. Wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ ju yìnyín sí i, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, omi kò ní kúrò lójú àmì. Yìnyín tó ti orí ilẹ̀ bọ́ sínú òkun ló ń gbé omi ga, nǹkan bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 360 rẹ̀ ló sì ń fi mìlímítà kan péré kún òkun kárí ayé. Láti ọdún 2002 tí àwọn sátẹ́láìtì GRACE àti èyí tó rọ́pò wọn ti ń wọn yìnyín nípa bí ilẹ̀ ṣe ń fà wọ́n, Grínlándì ti ń pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 270 lọ́dún, Antárktìkà nǹkan bíi 150.

Ẹ dán èyí wò, ó dùn ún wò. Ẹ tẹ Reykjavik ní Iceland, ẹ yan Greenland nìkan: nọ́ńbà náà á lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Grínlándì ń yọ́, òkun ìtòsí rẹ̀ sì ń fà! Ìdí ni pé òkìtì yìnyín yẹn tóbi débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra, bí òṣùpá ṣe ń fà á. Bó bá ti ń fúyẹ́, ọwọ́ tó fi di omi mú ń dẹ̀, omi á sì tú lọ sọ́nà jíjìn. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà á gbé ara sókè. Ẹ wá padà sí etíkun tiwa, ẹ yan Greenland kan náà. Ó ju ìpíndọ́gba kárí ayé lọ díẹ̀. Bí ti Antárktìkà náà ṣe rí nìyẹn. Àwa tó jìnnà sí yìnyín méjèèjì là ń gba omi tí wọ́n tú sílẹ̀.

Bọ́tìnì tí ẹni púpọ̀ kì í tẹ̀

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ SSP1-2.6 àti SSP5-8.5, ẹ ó tún rí irú wọn mìíràn tí wọ́n kọ "Low Confidence" sí. Àwọn èèyàn rò pé àhesọ ni, wọ́n á fò ó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí yìnyín ṣe máa wó, ìyẹn ni wọn kò ṣe lè sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó. Fún SSP5-8.5 lọ́dún 2100, àárín rẹ̀ di mítà 0.88, òkè rẹ̀ di 1.60. IPCC fúnra wọn kọ ọ́ pé bí èéfín bá pọ̀ gan-an, àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkun kò ní sún mọ́ mítà 2 lọ́dún 2100, tàbí mítà 5 lọ́dún 2150.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìwọ̀-oòrùn Antárktìkà, níbi tí yìnyín Thwaites wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ilẹ̀ Britain. Ilẹ̀ tó jókòó lé wà nísàlẹ̀ ojú òkun, ó sì túbọ̀ ń jìn bó ṣe ń wọnú lọ, bí inú àwo ọbẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń yọ́ kẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ òkun wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá fà sẹ́yìn, yìnyín tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ ló máa fojú kan omi, ìyẹn á sì tún yára ṣàn jù. Pẹpẹ yìnyín tó ń léfòó níwájú rẹ̀ dà bí òkúta tí a fi ti ilẹ̀kùn. Thwaites nìkan ní yìnyín tó lè gbé òkun kárí ayé ga ní sẹ̀ǹtímítà 65. Bóyá ọ̀rúndún mélòó ló máa gbà ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Fún ilé gbígbé lásán tí ẹ kò retí pé kó kọjá àádọ́ta ọdún, ẹ lè fi Low Confidence sílẹ̀. Fún afárá, ilé ìwòsàn, ibùdó iná mànàmáná tàbí ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí, fífi í sílẹ̀ kò bójú mu.

Ìdajì máàkì tí a yọ, torí pé ìṣirò ọdún 2021 ni, kì í yí padà bí sátẹ́láìtì ṣe ń rí nǹkan tuntun. Ẹni tó fẹ́ wo Grínlándì lójoojúmọ́, Polar Portal ti àwọn ará Denmark ni kó lọ, àmọ́ kó ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún yìnyín wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Gíráàfù tí wọ́n ń pè ní "surface mass balance" ń ka òjò dídì tó rọ̀ àti yìnyín tó yọ́ lójú nìkan. Kò ka àwọn òkìtì tó ń já bọ́ sínú òkun. Ìyẹn ló fi sábà máa ń wà lókè òdo lópin ọdún, tí àwọn kan á sì máa gbé e kiri pé Grínlándì ń sanra. Ìyá ọlọ́jà tó ka èrè, tó gbàgbé gbèsè, kò lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Máàpù pupa Climate Central

Òun lẹ máa ń rí lórí WhatsApp, tí Victoria Island pọ́n roro. Ó rọrùn ju ti NASA lọ: ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ẹ yan ọdún tàbí gíga omi, ilẹ̀ tó bá kéré sí omi yẹn yóò pọ́n. Omi rẹ̀ kò ní wàhálà. Ilẹ̀ rẹ̀ ló ní.

Ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ló wọn ilẹ̀ náà láti ojú sánmà lóṣù Kejì ọdún 2000, láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Rédà rẹ̀ kò rí ilẹ̀ níbi tí ilé àti igi bá pọ̀; òrùlé àti ewé ló rí. Àdúgbò tó kún fún ilé wá ga ju bó ṣe wà lọ nínú ìwọ̀n náà, ní mítà kan, méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ Climate Central ni pé ká yìn wọ́n níbí: wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ bí a ṣe ń yọ òrùlé àti igi kúrò, wọ́n sọ àbájáde rẹ̀ ní CoastalDEM. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2019, iye èèyàn tó ń gbé nísàlẹ̀ ibi tí òkun máa ń kún dé kúrò ní mílíọ̀nù 28, ó di 110, láìjẹ́ pé òkun ga sí i. Síbẹ̀, àṣìṣe tó ṣẹ́ kù ṣì lè jẹ́ ìdajì mítà lójú títì kan, Èkó sì jẹ́ ìlú tí ìdajì mítà tó láti ya ilé gbígbẹ kúrò lára ilé tó ń léfòó. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí lẹ́yìn ọdún 2000, bíi Eko Atlantic, kò sí lábẹ́ rédà náà rárá nígbà tó kọjá.

Pupa kò sì túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ti di òkun. Bí ẹ bá ṣí i sí "annual flood level", ibi tí omi lè dé ní ìpíndọ́gba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló pọ́n. Máàpù náà kò mọ odi tí wọ́n mọ sétí omi l'Ékòó, kò mọ gọ́tà, kò mọ òjò. Ó kàn ń da omi bíi pé inú abọ́ ló ń dà á sí.

Bó ṣe yẹ ká lò ó: ẹ má yan ọdún. Ẹ yan gíga omi, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ mú bọ̀ láti ọ̀dọ̀ NASA sí i. Ẹ wá fi ìdajì mítà lé e, ẹ tún fi ìdajì mítà dín in. Àdúgbò tí kò pọ́n pẹ̀lú ìdajì tí ẹ fi lé e, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Èyí tó pọ́n pẹ̀lú ìdajì tí ẹ yọ, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Èyí tó bọ́ sáàárín, máàpù kò lè sọ ọ́. Awọnlẹ̀ ni kí ẹ pè.

Ìṣirò pulọ́ọ̀tì kan

Ẹ jẹ́ ká sọ pé awọnlẹ̀ ti wọn pulọ́ọ̀tì kan, ó ní ó fi mítà 1.50 ga ju àárín òkun òní lọ. Ẹ bi í pé òdo wo ló ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, torí òdo tí wọ́n fi sàmì sórí òkúta ìwọ̀n láyé àtijọ́ kì í ṣe àárín òkun òní. Bó bá ti dáhùn, ẹ mú 0.56 ti SSP2-4.5, ẹ yọ 0.07 tó ti wà nínú òkun tẹ́lẹ̀, ó ku 0.49. Òkun Èkó kì í fi ju nǹkan bíi mítà kan kún kó sì fà, nítorí náà nígbà òṣùpá tuntun àti àrànmọ́jú, omi ń fi bíi 0.50 kọjá àárín rẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 0.99. Ilẹ̀ ṣì fi sẹ̀ǹtímítà 51 yọ.

Rírì ilẹ̀ ló kù. Àwọn tó fi rédà sátẹ́láìtì ṣọ́ Èkó ti rí i pé ibi ẹrẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi yanrìn dí ń wálẹ̀, fífa omi abẹ́ ilẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fà á. Bí pulọ́ọ̀tì yìí bá ń rì ní mìlímítà 4 lọ́dún, nínú ọdún 75 ó ti rì ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ó ku 21. Bí ẹ bá wá lo 0.76 dípò 0.56, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Sẹ̀ǹtímítà kan, láì tíì ka ìgbì, láì tíì ka òjò oṣù Kẹfà tí kò rí ibi gbà lọ torí pé òkun ti kún dí ẹnu ọ̀sà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkà-ẹ̀ẹ̀mejì níbí náà. Nọ́ńbà kárí ayé tí a lò yìí kò ní rírì ilẹ̀ nínú. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà Èkó lẹ mú nínú irinṣẹ́ náà, rírì ilẹ̀ ti wà nínú "Total" rẹ̀. Ẹ yọ "Vertical Land Motion" kúrò kí ẹ tó fi tiyín sí i. Tiyín ló sì dára jù, torí tinú irinṣẹ́ yẹn fẹ̀ jù láti mọ bí àdúgbò kan ṣe ń rì ju èkejì lọ.

Ohun tí méjèèjì kò rí

Wọn kò rí yanrìn. Lójú ọ̀pọ̀ ibi létíkun wa, yanrìn ló sì ń pa ilẹ̀ báyìí ju yìnyín lọ. Yanrìn ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní gbogbo etíkun yìí. Nígbà tí wọ́n mọ àwọn odi òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, yanrìn kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach. Bar Beach tó wà ní ìhà kejì kò rí oúnjẹ jẹ mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ títí wọ́n fi lọ dí i. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ìlà-oòrùn èbúté Kútọnu, àti láti Lomé títí dé Aného ní Tógò. Ìsédò Akosombo ní Ghana sì tún sé yanrìn odò Volta mọ́lé. Ní Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ilé ń wó sínú òkun lọ́dọọdún, síbẹ̀ ẹni tó bá ṣí máàpù pupa lè rò pé ilẹ̀ náà ń dúró de ọdún 2050. Ẹni tó bá ń wo Thwaites nìkan ní irú ibẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Fún ilẹ̀ tó bá wà láàárín nǹkan bíi kìlómítà kan sí òkun, ẹ fi àwòrán àtijọ́ Google Earth wo bí etíkun ṣe ń sún, ọdún dé ọdún, kí ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ méjèèjì.

Wọn kì í gba owó, wọn kì í ní kéèyàn forúkọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi ṣí ti NASA, torí gíráàfù rẹ̀ kì í gbé ara rẹ̀ dáadáa lójú fóònù kékeré. Ó dára kí ẹ gba fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi Excel ṣí i. Mítà ni gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Ìlà tí wọ́n kọ 50 sí ni àárín, 17 àti 83 ni etí méjèèjì, 5 àti 95 jìnnà síta sí i. SSP1-2.6 àti SSP5-8.5 yóò yọ lẹ́ẹ̀mejì, ìkan "medium", ìkan "low". Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọ̀wọ́ "confidence" kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, torí bí wọ́n bá dà pọ̀, Excel á fún yín ní ìpíndọ́gba tó dà bí òótọ́, tí kì í sì í ṣe ti ìkankan nínú wọn.